Bá Mi Ṣe Kí Ni?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnì kan tó sọ pé èmi Ìyá Judith kò lẹ́kọ̀ọ́. Bámi tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọdé. Ewú ti gba orí rẹ̀, ó ti sin ìyàwó, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọmọbìnrin kan dàgbà. Ṣùgbọ́n mo dàgbà ju àkọ́bí ìyá rẹ̀ lọ, nítorí náà n kò ní máa sọ “wọ́n, wọ́n” bí ẹni ń ròyìn ọba. “Ó” ni n óò máa sọ. Bó bá dùn ún, kó wá bá mi níbi máṣíìnì mi.

Ilé kan náà là ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, Ajégúnlẹ̀ tiwa tó wà lẹ́yìn Òwòdé Onírin o, kì í ṣe ti Àpápá. Yàrá tèmi kọjú sí géètì, ibẹ̀ ni mo ti ń rán sùtánà fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun. Èmi náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Yàrá tirẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe, òun ló sì ṣe géètì ilé wa. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ géètì náà lápá ọ̀tún, ẹ óò rí ibi tó ti fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kọ BÁMI. Níwájú BÁMI yẹn, àyè kan ṣófo, ojú irin ibẹ̀ sì rí págunpàgun. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìpẹta ló jẹ ẹ́.

Àyè òfìfo yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fi ṣeré. Bó bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, wọ́n á ké pè é lókèèrè: “Bàbá Bámi, bá yín ṣe kí ni?” Ẹ ò rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ? Ta ló máa ń sọ pé “bá mi” tí á wá dákẹ́? Bá mi gbé e ni àbí bá mi sọ̀ ọ́? Láyé ìjọ́un, á dá wọn lóhùn pé, “Ẹ lọ bá ìyá yín fọ abọ́!” Gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò dá wọn lóhùn mọ́. Á kàn wọlé, á ti ilẹ̀kùn, ariwo rédíò nìkan la ó máa gbọ́.

Mo mọ̀ ọ́n kí àyè yẹn tó ṣófo. Ògúnbámi ni wọ́n sọ ọ́. Òkèhò ni wọ́n bí i sí, sí ìdílé alágbẹ̀dẹ. Lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó rẹ̀, tí àwọn èèyàn ti lọ tán, ló jókòó ní ẹnu ọ̀nà mi tó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Ó ní òun ní ajá kan nígbà tí òun wà ní kékeré, Tantólọ́run lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹwìrì bàbá rẹ̀ ni òun àti ajá náà jọ ń sùn bí òtútù bá mú. Nígbà tí ọdún Ògún dé, bàbá rẹ̀ kò lọ sọ́jà lọ ra ajá. Tantólọ́run ni wọ́n mú. Òun gan-an ni wọ́n sì ní kó di okùn rẹ̀ mú. “Màmá,” ó ní, “ó ń ju ìrù sí mi títí.” Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ojú ajá yẹn ló ń rí.

Nígbà tó wá di onígbàgbọ́, oníwàásù kan sọ nínú ìjọ wọn pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ń ni lára lè yí i padà. Mo wà níbẹ̀, torí ó ní kí n bá òun lọ. “Lè” ni ọkùnrin náà wí o. Kò wí pé “gbọ́dọ̀.” Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn kan fi Jésù síwájú orúkọ wọn, àwọn kan fi Olú. Bámi tèmi kàn gé Ògún kúrò, kò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Màmá, mo máa ń jó orúkọ mi mọ́ ìsàlẹ̀ géètì. Ṣé kí n wá fi orúkọ Jésù síbi tí ajá á máa tọ̀ sí?” Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún mi lọ́wọ́.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, ó ń lọ láti ilé oníbàárà kan sí òmíràn, ní Kétu, ní Alápẹ̀rẹ̀, títí dé Ṣángíṣà, ó ń gé Ògún kúrò lára gbogbo géètì tó ti ṣe. Onílé kan ní Alápẹ̀rẹ̀ fẹ́ pe ọlọ́pàá sí i. Ó rò pé olè ọ̀sán gangan ni.

N kò rí nǹkan tó burú nínú ìyẹn. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni. Èmi náà, bí mo bá ti wọ sùtánà, n kì í wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń rìn lórí títì tó gbóná bí agbada. Ó yé èmi àti Ọlọ́run mi. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti rí mi rí kí n lọ máa bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn? Níbi tí Bámi ti ṣìnà gan-an nìyẹn. Ohun tí Olúwa fi tu òun nínú, ló bá sọ ọ́ di kùmọ̀. Ó di ọlọ́pàá orúkọ. Ìyá arúgbó kan wà nínú ìjọ wọn tó ń jẹ́ Ọ̀ṣúnkẹ́mi, tó ti ń gbàdúrà kí wọ́n tó bí Bámi. Bámi kì í pè é lórúkọ. “Ìyá tó jókòó níwájú yẹn” ló ń pè é. Ìyá náà kò bínú, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lẹ́yìn. Nígbà tó yá, wọn ò rí i lẹ́yìn pàápàá mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ti Ọlámidé ló fọ́ ilé rẹ̀.

Ọlámidé Fáníyì, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Ọmọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí irin ju ti gbogbo àwọn tó ti kọ́ ṣáájú rẹ̀ lọ. Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Bámi, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti bá a wá: ọmọṣẹ́ kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí iṣẹ́. Títí ọ̀gá yóò fi gbọ́wọ́ lé e lórí lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù, tí yóò sọ pé “mo dá ọ sílẹ̀,” orúkọ ọ̀gá ni yóò máa jó mọ́ géètì. Ọlámidé ò ráhùn sí i. Oyin, ọmọ Bámi, ló sì ń wò ní tirẹ̀, Oyin náà ń wò ó. Gbogbo ilé mọ̀. Bámi alára mọ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí i, torí ọmọ náà kì í pa ìsìn jẹ.

Ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù pé. Wọ́n ta kánópì síwájú ilé, mo rán aṣọ tuntun fún Ọlámidé, Oyin se ìrẹsì. Ọmọkùnrin náà kúnlẹ̀ lórí ẹní. Bámi gbé ọwọ́ sókè kó gbé e lé e lórí, ló bá dúró.

Ó ní, “Kí n tó gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kan kù. Orúkọ bàbá rẹ yẹn, Ifá wà nínú ẹ̀. Lọ sí kóòtù, kí o sọ ọ́ di Jésùníyì. Lọ́jọ́ tí o bá ṣe é, n óò dá ọ sílẹ̀, n óò sì fún ọ ní Oyin.”

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ọmọ náà á sunkún. Kò sunkún. Orí ìkúnlẹ̀ tó wà ló ti dáhùn.

“Ọ̀gá, bàbá mi ló ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsẹ́yìn títí wọ́n fi kú. Fáníyì ni àlùfáà pè wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń sìnkú wọn. Ọlọ́run ti mọ̀ wọ́n mọ́ orúkọ yẹn, sà. Bí mo bá yí i padà, ó máa dà bí ẹni pé mo ní ìsìn wọn ò mọ́.”

“O ò ní yí i nìyẹn?”

“N kò lè yí i, sà. Ẹ má bínú.”

Ọwọ́ tó gbé sókè yẹn, Bámi dá a padà sínú àpò sòkòtò. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ kànga lọ sí yàrá rẹ̀. Ọlámidé ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Háà! Mo ti rí ìtìjú láyé mi, n kò rí irú ìyẹn rí. Èmi ni mo fà á dìde.

Oyin bẹ bàbá rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé Jésù ti sọ wá di òmìnira.” Bámi ní òmìnira kì í ṣe ìyàngàn, ó ní, “Ilé tí Ifá bá wà lórúkọ, ẹsẹ̀ mi ò ní wọ̀ ọ́.” Ó fi ẹnu ara rẹ̀ búra. Oyin kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n ṣègbéyàwó ní Ìkòsì, èmi ni mo jókòó sórí àga ìyá, àga bàbá ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn èèyàn fẹ́ jókòó síbẹ̀, Oyin ò gbà. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún ló ń wẹ̀yìn.

Ìkòsì o! Kì í ṣe ìlú òyìnbó. Láti Òwòdé, bí o bá gba Mile 12, ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná ò tíì jinná tí wàá fi débẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, kò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń gbé, torí ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Bó bá sè, ó ń sè jù. Ọwọ́ rẹ̀ kò yé ìwọ̀n ẹnì kan. Á gbé àwo ọbẹ̀ wá fún mi, á ní, “Màmá, ó ṣẹ́kù.” Bí fóònù bá dún, á sáré, á wò ó, á sì gbé e kalẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ kànga nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, torí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ níbì kankan. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi sí i. Àwọn méjèèjì lè wà pọ̀.

Ọkùnrin kan tiẹ̀ yà lọ́jọ́ kan láti kí i kú iṣẹ́, ó ní géètì tó ṣe sí àdúgbò àwọn ní Ìkòsì dára púpọ̀, òun rí orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Bámi ní òun ò ṣe géètì kankan ní Ìkòsì. Ọkùnrin náà ní òun fi ojú òun rí i. Bámi ní ó ṣi orúkọ kà, ó sì sìn ín sọ́nà.

Pásítọ̀ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ̀wé, wá bá a sọ̀rọ̀. Etí mi ń bẹ níbẹ̀, máṣíìnì ò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Bàbá, Àpólò tó wà nínú Bíbélì, òrìṣà àwọn Gíríìkì ló wà nínú orúkọ rẹ̀ yẹn. Pọ́ọ̀lù pè é ní arákùnrin, kò ní kó lọ sí kóòtù.”

Bámi ní, “Pásítọ̀, Àpólò ò fẹ́ ọmọ mi.”

Pásítọ̀ ní kó fún òun lómi. Ó mu omi, ó lọ.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ń parí lọ, Oyin pè mí. Ó ti bímọ, ọkùnrin. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. “Màmá, Sátidé la fẹ́ sọmọ lórúkọ. Bàbá Ọlámidé ò sí láyé. Bàbá mi nìkan ni bàbá àgbà tí ọmọ yìí ní. Ẹ bá mi sọ fún wọn. Bí wọn ò bá wá, ta ni màá ní kó dìde?”

Mo lọ sí ẹ̀yìn, mo sọ fún un. Ojú rẹ̀ tàn, mo rí i, ó tàn gbòò. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Orúkọ bàbá wo ni ọmọ náà máa jẹ́?”

“Ti bàbá rẹ̀ kẹ̀! Fáníyì.”

Ojú náà kú. Ó ní òun ti búra.

Mo bínú, mo sọ̀rọ̀ débi tí ìtọ́ mi fi gbẹ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni odò kún. Ẹ mọ̀ pé odò Ògùn ló máa ń ya bo àdúgbò wa. Èèyàn sá fún Ògún títí, Ògùn wá bá a nílé. Omi wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó wọ gbogbo yàrá. Olúkúlùkù wá ibi gbà. Àwọn kan lọ sí Kétu, àwọn kan sí Agbóyì lọ́dọ̀ ẹbí wọn tó lọ́kọ̀ ojú omi. Èmi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Ilé ṣófo, ó ku Bámi. A ní kó máa bọ̀, ó ní òun ò ní ibi tí òun ń lọ. Òótọ́ ni. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo bẹ Sàká tó ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn pé kó gbé mi lọ mú àpò sùtánà tí mo gbé há òkè àjà. Omi pa rọ́rọ́ nínú ilé, kò sí ìró kankan. Nígbà tí a yí dé ẹ̀yìn, mo gbọ́ ohùn Bámi. Mo rò pé àlejò ló ní. Mo ní kí Sàká dúró, mo sì yọjú láti fèrèsé.

Orí tábìlì ló jókòó sí, ó ká ẹsẹ̀ kò, omi yí i ká. Ó gbé abọ́ gààrí kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ń sọ pé, “Ìwọ ọmọ yìí, èmi bàbá ìyá rẹ ni mo ń sọ ọ́ lórúkọ. Wàá dàgbà, wàá dògbó…” Nígbà tó dé ibi orúkọ, ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún dákẹ́ níbẹ̀.

N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Ìbínú ni mo fi bò ó.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Ó fò sókè. Gààrí dà sómi. “Màmá! Kò sẹ́nì kankan.”

“Mo rí i pé kò sẹ́nì kankan! Ọmọ wà ní Ìkòsì, o jókòó sínú odò, ò ń gbé afẹ́fẹ́ jó. Ta ló dè ọ́ mọ́ ibẹ̀?”

Ó yọ abọ́ kúrò nínú omi. “Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màmá. Mo rò pé bí mo bá fàyè gba irú orúkọ yẹn nínú ẹbí mi, gbogbo ohun tí Olúwa gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ á tún padà wá.”

“Ẹ̀rù tìẹ ni. Ṣé o ti rí Ọlámidé kó bẹ̀rù? Olúwa tú okùn lọ́wọ́ rẹ, ìwọ sì gbé e, o so ó mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Ẹsẹ̀ mi nìyí, kò wọ bàtà. Ó ti pẹ́ tí a jọ ń gbé. Ọjọ́ wo ni mo ní kí o bọ́ tìẹ?”

Sàká tu ọkọ̀ sún mọ́ fèrèsé, ó na ọwọ́ sí i. Bámi wo ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n wá ṣẹ́ẹ̀tì kan tó gbẹ.”

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ló sùn. Láàárọ̀ Sátidé, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkòsì. Gbogbo ọ̀nà ló ń sọ pé ẹnu géètì ni òun máa dúró, pé òun á ti ibẹ̀ gbàdúrà, torí ìbúra òun. Mo ní ó dáa, ká ṣáà dé géètì ná.

A dé géètì. Ó wò ó bí wẹ́dà ṣe ń wo géètì, láti òkè wá sísàlẹ̀. Nígbà tó dé apá ọ̀tún nísàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ó tún kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Mo rò pé òòyì ló kọ́ ọ. Mo sún mọ́ ọn, mo rí i: BÁMI. Irin tẹ́ẹ́rẹ́, bó ṣe wà nílé wa gẹ́lẹ́. Níwájú rẹ̀, wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo.

Ọlámidé ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́, ó jáde nínú aṣọ funfun. Ó rí ọ̀gá rẹ̀ nílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn méjèèjì jọ wà nílẹ̀, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

“Ta ló jó èyí?” Bámi bi í.

“Èmi ni, Ọ̀gá.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ mi?”

“Ẹ ò tíì dá mi sílẹ̀, sà. Orúkọ tèmi ò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti wà lórí irin.”

“Láti ìgbà yẹn?”

“Gbogbo géètì tí mo ṣe ni, sà.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, Bámi sunkún. Ó gbé orí lé irin géètì yẹn, ó ń sunkún bí ọmọdé tí wọ́n lù. “Mo ní kó gbé orúkọ bàbá rẹ̀ sọ nù,” ó ń wí, “òun sì ń gbé tèmi kiri. Òun sì ń gbé tèmi kiri.” Ọlámidé fà á dìde. Kò sẹ́ni tó rántí ìbúra. Kí a tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú ilé.

Oyin rí i, ó gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Àlùfáà ti fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu, ó ti fi iyọ̀ tọ́ ọ, ó ní kí bàbá àgbà fún un lórúkọ. Mo rántí orí tábìlì yẹn.

Bámi ní, “Bámidélé.”

Àlùfáà ní kó pè é pẹ̀lú orúkọ ìdílé, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Mo wo ẹnu Bámi. Ó wo ọmọ, ó wo Ọlámidé.

“Bámidélé,” ó ní. “Bámidélé Fáníyì.”

Ilé ò jó. Ọmọ náà yán, ó tún sùn. Bámi gbé e fún mi, ó pe Ọlámidé wá síwájú, ó sì gbé ọwọ́ tó ti kù sínú àpò láti ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù lé e lórí. Ó ní, “Mo dá ọ sílẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ ni kí o máa jó mọ́ irin.” Ọlámidé ní ẹ ṣeun, sà.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ wá dùn bí oyin. Omi gbẹ, a padà sínú ẹrẹ̀. Bámi ṣì ń dá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ṣì ń sè jù. Ìgbéyàwó Oyin ti lọ, wọn kì í tún un ṣe fún ẹni tí kò wá, ó sì mọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn mo máa ń rí i lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ojú rẹ̀ jìnnà. Kò dá Ògún padà sórí géètì, kò sì sẹ́ni tó ní kó dá a padà. Àyè yẹn ṣì ṣófo, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, á wẹ̀, á wọ aṣọ tó mọ́, á gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá lọ sí Ìkòsì. Àwọn ọmọ àdúgbò kò sì yé fi í ṣeré.

“Bàbá Bámi, bá yín ṣe kí ni?”

Á di géètì mú, á wẹ̀yìn wò wọ́n.

“Bá mi délé,” ni yóò dá wọn lóhùn.